Àmì Ohùn Kan Ni Mo Fi Ba Orúkọ Sabine Jẹ́

Àmì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín kò tóbi ju ẹsẹ̀ èèrà lọ. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí apá kan, àgbá epo ni ẹ kọ. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí apá kejì, àgbà ìlú ni ẹ kọ. Kò sí ẹni tó mọ ìyàtọ̀ náà tó mi ní Pobè, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Mo mọ̀ ọ́n, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ sí ibi tí kò yẹ.

Zacharie ni orúkọ mi. Mo ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ogún ọdún ni mo fi kọ ìròyìn agbègbè wa ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan ní Porto-Novo. Nígbà tí ìwé náà kógbá sílé, mo bẹ̀rẹ̀ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àwọn àgbàlagbà ní Pobè, mo sì ń kọ ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kà níbẹ̀. Sabine ló ń ya àwòrán inú rẹ̀.

Obìnrin Issaba ni Sabine, abúlé kan nítòsí Pobè. Mo fi ogún ọdún jù ú lọ, Fofó ló sì ń pè mí, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbí. Ọdún mọ́kànlá la fi jọ ṣiṣẹ́. Orúkọ mi máa ń wà lókè ìwé, tirẹ̀ á wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Kò bá mi sọ ọ́ rí. Èmi náà kò bi í.

Sabine ka ìwé Faransé dáadáa nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò mọ àmì ohùn Yorùbá. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo kọ "Ẹ tọ́jú ọkọ́ yín" sínú ìwé àwọn àgbẹ̀. Ó ya obìnrin kan tó ń bu ọbẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

"Àwọn nǹkan yẹn jọ èèrà tó gun orí lẹ́tà," ó ní. "Mi ò lè máa bá èèrà jà, Fofó. Ẹ máa kà á sí mi létí."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti kọ gbólóhùn kan, mo máa ń kà á sókè fún un kó tó fọwọ́ kan bébà. Etí rẹ̀ ló fi ń gbọ́, ṣùgbọ́n ojú mi ló fi ń kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé ìyá rẹ̀. Ó ní òun rí ògiri tó ń mí. Ó ní òun rí igi ọ̀pẹ tó la ojú, tó ń pe orúkọ àwọn èèyàn bí ẹni tó ń ka ìwé ìbò. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ohun tó rí yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í yà.

Kò jọ ti inú ìwé wa mọ́ rárá. Àwọ̀ osùn, àwọ̀ ewé tútù àti elésè àlùkò lọ́ mọ́ra wọn bí omi tó ń yí wọ inú ihò. Bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn pẹ́, ilẹ̀ á fẹ́ yọ̀ lẹ́sẹ̀ yín. Láàárín rẹ̀ ni ẹ máa rí mínísítà tí ọrùn rẹ̀ gùn bí okùn kànga, àti afárá kan tí wọ́n ti ṣí lẹ́ẹ̀mẹta tí kò sí odò lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan wá láti Cotonou, wọ́n wò ó, wọ́n ní àwọn á ṣe ìpàtẹ fún un. Ọ̀sẹ̀ méjì ní Pobè, nínú ilé àwọn ọ̀dọ́. Bí ó bá lọ ní ìrọ̀rùn, wọ́n á gbé e lọ sí Sakété, lẹ́yìn náà Cotonou. Wọ́n lẹ bébà ńlá káàkiri ìlú: ìpàtẹ àwòrán Sabine, òun nìkan.

Òun nìkan. Mo ka ọ̀rọ̀ méjì yẹn lára ògiri ọjà, lára ògiri ilé epo, lára ògiri ilé tèmi náà.

Mo jókòó, mo kọ ìtàn méjìlá fún àwòrán méjìlá tó fẹ́ pàtẹ. Mo gbé e lọ sí Issaba, mo kà á fún un lójú ìyá rẹ̀, tó ń yan gaàrí lọ́wọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Ó dára, Fofó," ó ní. "Mi ò ní lò ó."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ní kí n ya adìẹ, mo ya adìẹ. Ẹ ní kí n ya ẹni tó ń fọwọ́, mo yà á. Ọdún mọ́kànlá. Eléyìí, ẹ jẹ́ kó mí."

"Ta ló sọ ẹ́ di ayàwòrán?" mo bi í.

"Ibà ni," ó dáhùn.

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada gaàrí. Èmi náà ṣe bí ẹni rẹ́rìn-ín. N kò tíì gbàgbé ẹ̀rín ìyá yẹn títí di òní.

"Ṣùgbọ́n mo nílò yín," Sabine tún sọ. "Àkọlé. Mi ò fẹ́ Faransé kankan lára ògiri yẹn. Yorùbá nìkan, pẹ̀lú èèrà rẹ̀. Kò sẹ́lòmíì tó lè bá mi kọ ọ́."

Mo gbà. Ó yẹ kí n kọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Ó ka orúkọ àwòrán méjèèjìlá lẹ́sẹẹsẹ, ó sì sọ bí àkọlé kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó. Mo kọ́kọ́ darí ohùn náà sí Ràúdátù, obìnrin tó ni ilé ìtẹ̀wé tí a ń lò ní Sakété, kó lè gé páálí rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó ti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà mi.

Ẹ̀kẹrin nínú wọn ni "Àgbá Méje."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lọ́dún ìbò tó kọjá, olóṣèlú kan gbé àgbá epo pupa méje wá sí pápá bọ́ọ̀lù wa. Ó pín fìlà, ó ní kí gbogbo ilé wá bu epo. Lọ́jọ́ kejì ìbò, ó rán ọkọ̀ wá kó àgbá rẹ̀ padà, pẹ̀lú epo tó ṣẹ́kù nínú wọn. Àwọn àgbá yẹn ni Sabine yà. Ó dé wọn ní fìlà, ó fi ojú kan ṣoṣo sí ikùn kọ̀ọ̀kan, ó la ẹnu wọn sílẹ̀. Ihò aláwọ̀ mèremère ló wà nínú ẹnu náà, tó ń gbé ìwé ìbò àti bàtà ọmọdé wọlé lọ.

Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, ìgbìmọ̀ kan wà tó ń parí ìjà ilẹ̀ àti ìjà ilé. Àwọn bàbá méje ni wọ́n. Gbogbo ìlú ló ń pè wọ́n ní Àgbà Méje.

Mo tẹ "Àgbá Méje" sára ẹ̀rọ. Mo wò ó. Mo pa àmì òkè rẹ́, mo fi ti ìsàlẹ̀ sí i. Mo rẹ́rìn-ín. Mo dá a padà sí bó ṣe wà. Mo dìde, mo mu omi. Mo tún padà wá jókòó.

"Ẹ ò tíì parí?" Victorine ìyàwó mi bi mí láti ẹnu ọ̀nà.

"Ó ku àmì kan."

Mo sọ fún ara mi pé àwàdà ni. Mo ní wọ́n á tọ́ka sí i lọ́jọ́ ìṣíde, a ó rẹ́rìn-ín, èmi yóò sì dìde láti ṣàlàyé fún gbogbo ìlú pé láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ, àwòrán kò lè sọ orúkọ ara rẹ̀. Mo ti ro ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ pàápàá. Mo fi àmì ìsàlẹ̀ sílẹ̀, mo sì rán an sí Sakété.

Èrò kún ilé àwọn ọ̀dọ́ lọ́jọ́ ìṣíde. Ọ̀pọ̀ kò tíì rí irú rẹ̀ rí, wọn kò sì fi inú dídùn wò ó.

"Igi tó ní ojú," ọkùnrin kan sọ lẹ́yìn mi. "Ẹni tó ya èyí ti mu nǹkan."

"Kí ló lè mu? Igbó ni," ẹnìkejì dáhùn.

"Igbó kọ́, tramadol ni. Igbó kì í ṣe èèyàn tó báyìí."

Obìnrin kan bo ọmọ rẹ̀ lójú, ó fà á jáde. Sabine gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń wọlé àti gbogbo ẹni tó ń jáde.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Àgbà Méje dé. Bàbá Ṣóbándé, olórí wọn, ló ṣáájú. Bàbá Bonaventure tẹ̀ lé e. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni Bàbá Bonaventure, òun sì ni akẹ́kọ̀ọ́ mi tó dára jù. Ọdún mẹ́rin ló fi jókòó níwájú mi. Láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n kà, kò sí ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ní Pobè tí kì í kà sókè, tó sì máa ń fi ìka tọ àmì kọ̀ọ̀kan.

Mo mọ̀ pé yóò kà á. Mo fi ìyẹn kún ìṣirò mi.

Ó ka àkọ́kọ́, ó ka èkejì, ó ka ẹ̀kẹta. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó dé iwájú ẹ̀kẹrin, ó na ìka.

"Àgbà Méje," ó kà á.

Ó wo àwòrán náà. Ó wo fìlà orí wọn. Ó tún na ìka.

"À-gbà Mé-je."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

"Àgbá ni, Bàbá," Sabine sọ, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. "Àgbá epo. Ti ọdún ìbò. Kì í ṣe àgbà."

"Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo kà. Ohùn ìsàlẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀. Ṣé o fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n kà ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Zacharie, wá. Ìwọ lo kọ́ mi. Kí ló wà níbẹ̀?"

Mo rìn lọ síwájú. Ọ̀rọ̀ tí mo ti rò sílẹ̀ ti pòórá ní orí mi.

"Àgbà ni, Bàbá," mo ní. Títí débẹ̀, òótọ́ ni mo sọ.

"Ta ló ní kí o kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?" Bàbá Ṣóbándé bi mí.

Sabine ń wò mí. Ẹ̀rín kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó dá a lójú pé mo máa yanjú rẹ̀.

"Ohun tó fi rán mi ni mo kọ," mo dáhùn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, gbólóhùn kan péré. Mo ti kọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìròyìn nípa àwọn tó purọ́ níwájú adájọ́, mo sì máa ń ṣe kàyéfì pé báwo ló ṣe ń rọrùn fún wọn. Ó rọrùn. Ẹnu kò wúwo rárá.

Bàbá Ṣóbándé tẹjú mọ́ àwòrán náà fún ìgbà pípẹ́.

"Bí àwa ṣe rí lójú ẹ nìyẹn," ó sọ fún Sabine. "Agolo tó dé fìlà."

Ó yíjú, àwọn mẹ́fà yòókù sì tẹ̀ lé e jáde. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò dá dúró mọ́. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo fóònù ìlú ló ń gbé èébú rẹ̀ kiri. Wọ́n ní ọmọ tó mu oògùn yó ló sọ àwọn bàbá di àgbá. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn géńdé mẹ́rin wọ ilé àwọn ọ̀dọ́ lọ́sàn-án gangan, wọ́n da epo ẹ́ńjìnnì dúdú sára àwòrán náà. Sabine fẹ́ dí wọn lọ́nà, wọ́n tì í. Fóònù rẹ̀ já bọ́ lórí àtẹ̀gùn, ẹnìkan sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn alátùn-únṣe ní ọjà ní kò lè jí mọ́.

Ìyá rẹ̀ gbé gaàrí wá sí ọjà Pobè bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn oníbàárà rẹ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ rà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ó gbé gbogbo ẹrù náà padà sí Issaba.

Àgbà Méje ránṣẹ́: lọ́jọ́ Sátidé, kí Sabine kúnlẹ̀ níwájú ilé àwọn ọ̀dọ́, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáná sun àwòrán náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìpàtẹ parí, kò sì ní ya ohunkóhun mọ́ sí ògiri kankan ní ìlú. Àwọn ará Cotonou ní àwọn kò lè gbé ìjà kiri. Bí Sátidé bá bàjẹ́, àwọn yóò lọ láìsí i.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, ó wá bá mi nílé. Epo dúdú ṣì wà ní èékánná rẹ̀.

"Fofó, ohùn mi ṣì wà lórí fóònù yín. Ẹ kàn bá mi tẹ̀ ẹ́ kí Bàbá Ṣóbándé gbọ́. Kò ní gbà yín ní ìṣẹ́jú kan."

"Fóònù mi ti kún," mo ní. "Mo ti pa á rẹ́."

"Nígbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

Kò jiyàn. Ó wo fóònù tó wà lọ́wọ́ mi, ó wò mí.

"Ṣé mo sọ àgbà fún yín, Fofó?"

"N kò rántí dáadáa."

Ó jáde lọ. Irọ́ ni mo pa fún un. Ohùn náà ṣì wà níbẹ̀. Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ sábẹ́ igi ìbẹ́pẹ, mo gbé fóònù sétí, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i látòkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá pa á rẹ́.

Nígbà tí mo yíjú, Victorine dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

"Ẹ má sọ nǹkan kan fún mi," ó ní. "Ohun tí mi ò bá gbọ́, wọn ò lè bi mí."

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò bá mi jẹun pọ̀.

Mo fẹ́ kí Sabine bọ́ nínú ọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó bọ́ láìjẹ́ pé èmi kó sí i. Ní Tọ́sìdé, mo lọ sí ilé Bàbá Ṣóbándé, mo sì sọ pé mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ náà. "Bàbá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn atẹ̀wé Sakété ló ṣì í. Ẹ̀rọ máa ń yí àmì padà nígbà míì."

"Àwọn atẹ̀wé wo?"

Mo dárúkọ Ràúdátù. Bàbá Ṣóbándé kò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun kọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìbátan ní Sakété. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti wọ ilé ìtẹ̀wé.

Ní Sátidé, láàárọ̀, èrò pọ̀ níwájú ilé àwọn ọ̀dọ́ ju ti ọjọ́ ìṣíde lọ. Wọ́n gbé àwòrán náà pẹ̀lú àkọlé rẹ̀ ti ògiri níta, dúdú mìnìjọ̀ láti òkè dé àárín. Ìgò kẹrosín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ìṣáná. Àgbà Méje jókòó lórí àga. Wọ́n fún èmi náà ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

"Kúnlẹ̀," Bàbá Ṣóbándé sọ fún Sabine.

"Mo lè kúnlẹ̀ kí yín, Bàbá. Mi ò lè kúnlẹ̀ fún ohun tí mi ò sọ."

"Ẹ ẹ̀ rí i?" ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn. "Oògùn yẹn ò tíì dá lójú ẹ̀."

"Ẹ bá a ṣáná náà," ẹlòmíì sọ.

Ìgbà yẹn ni alùpùpù akérò kan, sẹ́mì bí a ṣe ń pè é, dúró ní ẹ̀gbẹ́ èrò. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, eruku ọ̀nà Sakété ti bo hìjáàbù rẹ̀. Ó gba àárín èrò wọlé, kò ti ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n yà fún un. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn bàbá. Lẹ́yìn náà ló dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ pé mùsé Zacharie kan ní mo ṣi iṣẹ́."

Mùsé la fi ń pe ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí wa níbí, ọ̀rọ̀ Faransé ni. Ó rí mi.

"Ẹ̀yin nìyẹn. Ẹ kú iṣẹ́."

"Ràúdátù, n kò sọ pé..."

"Ẹ jẹ́ n parí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń tẹ ìwé. Mo ń tẹ káàdì ìsìnkú, mo ń tẹ ti ìgbéyàwó, mi ò fi òkú sí ibi ìyàwó rí. Iṣẹ́ tí ẹ rán nìyí." Ó na fóònù rẹ̀ sí Bàbá Bonaventure. "Bàbá, wọ́n ní ẹ mọ̀ ọ́n kà. Ẹ bá mi ka ẹ̀kẹrin."

Bàbá Bonaventure wọ jígí rẹ̀. Ó na ìka.

"Àgbà Méje," ó ní. "Láti ọ̀dọ̀ Zacharie."

"Ó ṣe. Ẹ gbọ́ èyí náà. Ohun tí wọ́n darí sí mi nìyí ní wákàtí kan ṣáájú, kí n fi gé páálí."

Mo ti gbàgbé pátápátá pé mo darí ohùn náà sí i. Ó gbé fóònù náà sí ẹnu ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé àwọn ọ̀dọ́.

Mo ní láti dúró níbí, kí n jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ ohùn yẹn fún yín lókè, mo fo gbólóhùn kan. Mo fò ó nítorí ojú ń tì mí. Ẹ óò gbọ́ ọ nísinsìnyí bí gbogbo Pobè ṣe gbọ́ ọ.

"Fofó, ẹ kú àárọ̀ o," ohùn Sabine jáde, ó kún gbogbo ojúde. Ó ka àkọ́kọ́. Ó ka èkejì àti ẹ̀kẹta. "Ẹ̀kẹrin, Àgbá Méje. Kó fẹ̀ ní ìbú ọwọ́ méjì. Àgbá o, Fofó, àgbá epo, ti olóṣèlú yẹn. Ẹ bá mi fi èèrà ẹ̀ síbi tó yẹ. Ẹ mọ̀ pé mi ò lè kà á, ẹ̀yin ni mo gbẹ́kẹ̀ lé."

Ràúdátù tẹ fóònù, ohùn náà dákẹ́.

"Tún un tẹ̀," Bàbá Ṣóbándé sọ.

Ó tún un tẹ̀. Mo ń wo bàtà mi. Nígbà tó dé "ẹ̀yin ni mo gbẹ́kẹ̀ lé" lẹ́ẹ̀kejì, mo gbọ́ tí obìnrin kan pòṣé lẹ́yìn mi, òṣé gígùn tí kò fẹ́ tán.

"Dìde lórí àga yẹn," Bàbá Ṣóbándé sọ fún mi. "Àwọn tí a bọ̀wọ̀ fún la gbé e kalẹ̀ fún."

Mo dìde. Kò sí ibi tí mo lè dúró sí. Èrò tó wà lẹ́yìn mi kò yà fún mi bí wọ́n ṣe yà fún Ràúdátù.

Bàbá Bonaventure bọ́ jígí rẹ̀. Kò bínú, ìyẹn ló burú jù.

"Ọdún mẹ́rin, Zacharie. Gbogbo àmì tí mo mọ̀, ọwọ́ ẹ ni mo ti gbà á. Ta ló máa bá mi wò ó bóyá òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo ti ń kà?"



Bàbá Ṣóbándé yíjú sí Sabine. Kò bẹ̀ ẹ́.

"Ìwọ náà, kí lo wá fi fìlà dé àgbá fún?"

"Fìlà tí olóṣèlú yẹn pín lọ́jọ́ náà ni, Bàbá. Ẹ ní ọ̀kan nílé."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ẹlòmíì tẹ̀ lé e. Bàbá Ṣóbándé fọwọ́ kan orí rẹ̀, bí ẹni fẹ́ wádìí èyí tó dé. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n gbé kẹrosín kúrò.

"Kó tún un kọ," ó sọ, ó ń na ọwọ́ sí mi. "Níṣojú gbogbo wa."

Ẹnìkan mú bíírò wá. Mo na ọwọ́ gbà á.

"Rárá," Sabine ní. "Kò ní fọwọ́ kàn án mọ́."

Ó gba bíírò náà. Ó lọ síwájú àkọlé, ó wò ó pẹ́, ojú rẹ̀ le bí ti ẹni tó ń wo nǹkan tó ti bù ú jẹ rí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Bàbá Bonaventure.

"Bàbá, apá ibo ló ń tẹ̀ sí?"

Bàbá náà sún mọ́ ọn. Ó fi ìka fà á lójú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, sí apá ọ̀tún. Sabine fa ìlà kan gba ti àmì mi kọjá, ó sì fa èyí tó yẹ lé e lórí, tóbi, bí ìka ọwọ́.

"Ka ohun tó wà níbẹ̀," Bàbá Ṣóbándé sọ.

"Àgbá Méje," Bàbá Bonaventure kà á. Kò dá a lójú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Kíláàsì mi tú ká láàárín oṣù kan. Wọn kò bá mi jà. Wọn kò wá mọ́ ni. Bí mo bá ń kọjá ní ọjà Pobè, àwọn tó ń kà tẹ́lẹ̀ máa ń fi ìka tẹ ojú afẹ́fẹ́ sí apá kan, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sí apá kejì, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín láàárín ara wọn. Mo kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí Issaba lẹ́ẹ̀mejì. Ó dá méjèèjì padà láìtú wọn. Lára ti èkejì, ó fi bíírò kọ ọ́ pé: "Mi ò lè kà á."

Mo kọ ìtàn yìí nítorí pé àwọn kan ṣì ń sọ ní Takon àti níbòmíì pé ẹ̀rọ ló ṣì í. Ẹ̀rọ kò ṣe nǹkan kan. Ràúdátù kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n kọ, tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lé lọ́wọ́, ẹ wo ohun tí mo ṣe, kí ẹ sì kórìíra rẹ̀ bí mo ṣe kórìíra rẹ̀.

Ìpàtẹ náà dé Sakété lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó pè mí. Mo lọ. Ràúdátù ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ wọlé," ó ní. "Kò sí nǹkan tí ẹ máa rí kà níbẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Kò sí àkọlé kan ṣoṣo lára ògiri. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, ohùn Sabine ló ń pe orúkọ wọn. Epo dúdú ṣì wà lára ẹ̀kẹrin. Kò nù ún. "Àgbá Méje," ohùn náà ń sọ, ó ń gbé e sókè ní ìparí, kó má bàa sí ẹni tó máa ṣì í gbọ́. Mo dúró níwájú rẹ̀ títí mo fi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Nígbà tí mo yíjú, Sabine fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú àwọn àlejò láti Cotonou. Ojú wa pàdé. Ó tẹ orí ba díẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa.

"Ẹ kú àbọ̀, mùsé," ó ní, ó sì bá àwọn àlejò rẹ̀ lọ.